Ìwé Tí Akọ̀wé Ká fún Ìránṣẹ́

Ọjọ́ tí oníawò kọ́kọ́ pàdé obìnrin náà, ṣe ni obìnrin náà fi í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe òun nìkan. Gbogbo yàrá ló jọ rẹ́rìn-ín.

Kò kúkú bá ti eré wá. Awò ojú ló wá fi jíṣẹ́. Tíṣà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó lé awò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló bẹ oníawò pé kó bá òun gbé èyí tó tún ṣe wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ní ọ̀sán Sátidé, nítorí òun kò lè fi ẹgbẹ́ òun sílẹ̀.

Nígbà tó wọlé, ó bá àwọn èèyàn bíi mẹ́jọ lórí àga oníke. Oníkálukú wọn di ìwé tóóró kan tí wọ́n ká mú. Obìnrin kan dúró ní ìkángun tábìlì, ó fi bíró sẹ́yìn etí, yíǹkì sì ti ta sí i lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dé," obìnrin náà wí, bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. "Ọ̀fìnkìn ti dá ìránṣẹ́ wa dùbúlẹ̀ sílé. Ẹ gba èyí."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá ti gbọ́ 'ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà', ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè."

Ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Ọkùnrin kan tó máa ń yan búrẹ́dì, onírùngbọ̀n yẹ̀ǹkẹ̀, ló ń ṣe olorì, ó so gèlè mọ́rí. Ó sọkún díẹ̀, ó gbéraga díẹ̀, ó wá bèèrè pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Oníawò wúkọ́. Ó kà á ketekete: "Wọlé. Olorì, ìròyìn burúkú ni mo mú wá. Ọkọ̀ ojú omi ti rì, ẹnikẹ́ni kò yè. Jáde."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni olorì fi gèlè nu omijé ẹ̀rín kúrò nínú irùngbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," obìnrin oníbíró náà wí nígbà tó lè mí dáadáa, "'wọlé' àti 'jáde' kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹsẹ̀ yín ni mo kọ wọ́n fún."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìránṣẹ́. Òun tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, ó wá di Ìránṣẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Obìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé.

Ẹgbẹ́ náà kò ní ìdánwò, wọn ò sì gba ìwé ẹ̀rí. Eré àwọn àtijọ́ ni wọ́n ń kà fún ìgbádùn lásán, eré tí ẹni tó kọ wọ́n ti kú láti bí irinwó ọdún. Wọ́n ń yí wọn sí èdè ilé, wọ́n ń jà lórí bí wọ́n ṣe yí i. Oníbúrẹ́dì ti rí ọ̀kan nínú wọn ní sinimá, níbi tí wọ́n ti sọ ọba di ọ̀gá ilé iṣẹ́ síméńtì, láti ìgbà náà ló sì ti fẹ́ máa sọ gbogbo nǹkan di tòde òní. Ó fẹ́ sọ ọkọ̀ ojú omi náà di ọkọ̀ akẹ́rù, àfi ìgbà tí Tíṣà bi í bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe máa rì.

Tíṣà ló mọ ìtàn bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ó ní ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣeré, nínú ilé tí àárín rẹ̀ kò ní òrùlé, bí òjò bá rọ̀, ó rọ̀ lé èrò lórí. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gun orí ìtàgé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò tíì dàgbà ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ obìnrin. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ìjọba á ti ilé eré pa, àwọn òṣèré á sì gba ìgbèríko lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

"Ìwé wọ́n," Tíṣà máa ń wí, "àwọn tó ń jí eré gbé sì pọ̀. Nítorí náà, wọn kì í fún òṣèré ní odindi eré. Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan ni wọ́n á kọ fún ọ, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹlòmíì máa sọ gbẹ̀yìn kó tó kàn ọ́. O ò mọ ẹni tó máa sọ ọ́. O ò mọ ìgbà tó máa sọ ọ́. Etí ni wọ́n fi ń ṣeré ju ẹnu lọ."

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń kàwé gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìpè. Akọ̀wé ló ń fi ọwọ́ kọ ti oníkálukú, tó ń ká a, tó ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Èèwọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ wo ìwé ẹnì kejì.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé kan ló gbà á láti máa kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sórí ìwé ẹ̀rí wọn, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó dọ́gba débi pé àwọn èèyàn máa ń fọwọ́ pa á wò bóyá ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gbogbo Sátidé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìtàn àtijọ́ ló ń wù òun. Oníbúrẹ́dì wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ìránṣẹ́, ìtàn tí o tẹjú mọ́ yẹn, ó mà fi bíró sẹ́yìn etí."

Ní oṣù kẹrin, Akọ̀wé fún un ní ìwé tó nípọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọmọ ọ̀gágun ni wọ́n ní kó ṣe. Kò mọ ẹni tó máa ṣe ọmọ ọ̀gágun, títí Akọ̀wé fi dìde lódìkejì tábìlì, tó sọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ogun àti ọjọ́ ọ̀la, tó sì parí rẹ̀ pé: "…èmi náà kò mọ̀."

Ìpè rẹ̀ nìyẹn. Ó wo ìwé rẹ̀, ó fèsì pé: "Jẹ́ ká jọ ṣàìmọ̀."

Ó ti ka ọ̀rọ̀ yẹn nílé ní ìgbà ogún, kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀, ó yé e. Ó mọ̀ ní wákàtí náà pé òun ti nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti fo ìlà mẹ́rin nínú ìwé olorì, Oníbúrẹ́dì sì ti dúró láàárín eré, ó ń wo òkè bí adìẹ tó mumi. Nǹkan ẹ̀rín ni fún gbogbo wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Lẹ́tà ń ṣe bàìbàì lójú mi," ó wí. "Ó lè jẹ́ pé mo ti ń dàgbà."

Ìránṣẹ́ ní kó ka pátákó tó wà lára ògiri. Ó ka lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ka ti ìkẹyìn, ó fo àárín. Ó tún un kà, ó tún fo àárín. Ìránṣẹ́ wá tan iná kékeré sí i lójú, ó wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, ó tún padà wo ohun tó rí níbẹ̀. Inú ìwé nìkan ló ti rí irú rẹ̀ rí, nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Kò pẹ́ ẹ sọ. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà ojú ní ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ó fún Akọ̀wé mú lọ, ó ní kí dókítà fi èsì ránṣẹ́ sí òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dókítà dé, Akọ̀wé náà sì dé lọ́jọ́ kan náà. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, ó fi àpamọ́wọ́ lé itan.

"Wọ́n ní ojú mi kò ní fọ́ tán," ó wí. "Mà á máa rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan. Mà á rí ilẹ̀kùn, mà á rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó wà láàárín gan-an ló máa lọ. Lẹ́tà. Ojú èèyàn."

"Mo ti kà á."

"Wọn ò ní oògùn rẹ̀. Wọn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo bi dókítà pé oṣù mélòó ló kù, ó ní òun kò mọ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi náà kò mọ̀."

Ìránṣẹ́ kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. "Jẹ́ ká jọ ṣàìmọ̀," ó wí.

Obìnrin náà gbójú sókè. Kò wo ojú rẹ̀. Etí rẹ̀ òsì ló wò, nítorí bó bá wo etí ló ń rí ojú. Ó sunkún nígbà náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Ìránṣẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àga oníbàárà, níwájú pátákó lẹ́tà.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ló wá di wàhálà.

"Bàámi kò gbọdọ̀ gbọ́," Akọ̀wé wí. "Kò tíì pé ọdún kan tí a sin màámi, wọn ò tíì ta jí. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á gbé mi pa mọ́ bí ẹyin. Wọ́n á ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ìwé eré yìí tán ná. Ṣáà máa ṣe awò fún mi, kí wọ́n rò pé awò lásán ni mo nílò."

"Awò kò ní wo ohun tó ń ṣe ọ́ sàn."

"Mo mọ̀. Ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí. Ta ló máa fẹ́ràn ẹnì kan tí kò ní ṣe é?

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìránṣẹ́ ṣe awò fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gíláàsì náà, ó ń lọ̀ ọ́ bí ẹni pé ìfẹ́ lè wọnú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò wúlò jù kí lẹ́tà tóbi díẹ̀ sí i. Lẹ́tà Akọ̀wé náà ń tóbi. Ìwé olorì tí wọ́n máa ń ká lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí wọ́n ń ká lẹ́ẹ̀méje, Oníbúrẹ́dì sì ń dúpẹ́ pé wọ́n ti ro ti àwọn àgbàlagbà.

Wọ́n jọ ń rìn ní ọ̀sán Sátidé láti ilé ìkàwé dé ìta ilé Akọ̀wé. Ìránṣẹ́ máa ń pè é ní olólùfẹ́, ó ń pè é ní ayọ̀ mi. Orúkọ kan wà tí gbogbo èèyàn ń pe àyànfẹ́ wọn, tí òun kò lè pè é, òun tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹyinjú yẹn.

"O ò pè mí ní ẹyinjú rẹ rí," Akọ̀wé fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Má fi iyẹn ṣeré."

"Kí ni kí n wá fi ṣeré, Ìránṣẹ́? Bí a bá ń sunkún, ṣebí a máa ń ríran." Ó rẹ́rìn-ín títí, Ìránṣẹ́ kò rí ẹ̀rín rín.

Ìyá Ìránṣẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún, nítorí ìyá kì í jẹ́ kéèyàn mí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga kan náà yẹn, ó ní òun gbọ́ pé ọmọ òun ti rí ìyàwó, òun sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó gbọ́ tán, ó wo pátákó lẹ́tà náà.

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ó wí. "Ọmọ dáadáa ni, mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ń rá lọ sídìí iná, ta ló máa rí i?"

"Màámi, yóò rí iná."

"Yóò rí ojú ọmọ náà?"

Ìyá náà dìde, ó fọwọ́ pa á lórí, ó lọ. Kò bínú, ìyẹn ló dun Ìránṣẹ́ jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkùnrin gíga kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé awò ojú kan lé orí káńtà. Ìránṣẹ́ dá awò náà mọ̀ kó tó wo ẹni tó gbé e wá.

"Ìdè apá rẹ̀ ló bọ́," bàbá náà wí. "Ọmọ mi ń sun oorun ọ̀sán, mo ní kí n bá a gbé e wá."

Bàbá Akọ̀wé ni. Ìránṣẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú irin kékeré, ó ń wá ihò tí ìdè náà máa wọ̀. Bàbá gba awò náà nígbà tó ṣe tán, ó gbé e sójú, ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin," ó wí. "Ní oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ojú wa wò. Awakọ̀ tí kò bá rí iná pupa, òun nìkan kọ́ ló máa kú. Nítorí náà, mo mọ awò. Èyí nípọn ju tàtijọ́ lọ, tàtijọ́ náà sì nípọn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí ló ń ṣe ojú ọmọ mi?"

Lẹ́tà dókítà wà nínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ káńtà, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ìlérí tó ṣe náà wà lọ́kàn rẹ̀. Bó sọ̀rọ̀, ó da obìnrin tó nífẹ̀ẹ́. Bí kò sọ ọ́, ó da bàbá rẹ̀. Ó wò yí ká, kò rí ọ̀nà kẹta.

"Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kọ ni, sà," ó wí. "Ó máa ń da ojú láàmú."

Bàbá wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Àdúrà yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, a sì rí fùrọ̀ adìẹ. Akọ̀wé ń da omi gbígbóná sínú ife níwájú bàbá rẹ̀. Omi náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó da sórí tábìlì, kò sì mọ̀, ó ń dà á lọ. Bàbá kò pariwo. Ó gba kẹ́tùlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ kejì. Ó ya dókítà lẹ́nu pé bàbá kò mọ̀. Ó ní òun ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníawò láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Nígbà tí Ìránṣẹ́ gbọ́, kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó mú Tíṣà dání, wọ́n lọ sí ilé bàbá náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ kan tí wọ́n gbé àwòrán ọkọ̀ ojú irin kọ́ sí lára ògiri, tí aago ara rẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà. Akọ̀wé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Tíṣà bẹ̀bẹ̀, ó fi òwe ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ó ní ọmọdé ló ṣe é, kí àgbà jẹ́ kó tán síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí fẹ́ fẹ́ ara yín, àbí?" bàbá bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Ìránṣẹ́ dáhùn.

"Ṣé ẹ rò pé torí ojú rẹ̀ ni mo fi máa kọ̀? Ṣebí èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀ yín. Rárá o. Mo wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bi yín léèrè bí bàbá ṣe ń bèèrè nípa ọmọ rẹ̀. Ẹ wò mí lójú, ẹ sì parọ́ fún mi."

"Bàámi, èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ," Akọ̀wé wí.

"Èmi ni mo bí ọ. Bí o bá parọ́ fún mi, mo mọ ibi tí mo ti máa bá ọ wí. Òun ńkọ́?" Ohùn bàbá kò le, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó bá máa jẹ́ ojú fún ọmọ mi, kò gbọdọ̀ parọ́ ohun tó wà níwájú. Lọ́jọ́ tí kòtò bá wà lọ́nà, ṣé yóò ní ilẹ̀ tẹ́jú, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́?"

Òótọ́ ni bàbá ń sọ. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ èké, èèyàn á gbèjà ara rẹ̀. Èyí kò ní ìgbèjà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé wá sí ilé ìkàwé kí àwọn yòókù tó dé. Ó sọ fún un pé ilé ìwé kan wà ní ìlú kejì, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ojú wọn ń lọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kàwé, bí wọ́n ṣe ń fi etí tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń dá rìn. Ọdún méjì ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbà wọ́n wọlé.

"Bàbá yín ló ní kí o lọ?"

"Bàámi ló rí ilé ìwé náà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ó fẹ́ sọ pé má lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹni tó ń rì pé kó má di okùn mú, nítorí pé okùn náà ń fà á lọ?

"Mà á máa pè ọ́ lórí fóònù," ó wí.

"Má pè mí." Ó ń wo etí rẹ̀ òsì. "Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mà á wọkọ̀ padà kí n tó kọ́ lẹ́tà kan. Mo mọ ara mi. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀kọ́ náà ná."

"Lẹ́yìn ọdún méjì ńkọ́? Ṣé bàbá yín á gbà?"

Oníbúrẹ́dì ti ń wọlé, ó ti ń so gèlè.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ. Ìránṣẹ́ dé ibùdókọ̀ ṣáájú wọn, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò mọ̀ bóyá kí òun sún mọ́ wọn. Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ọmọ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹrù, ó rìn wá bá a, ó yọ awò ojú kan nínú àpò.

"Ìdè rẹ̀ ti tún bọ́," ó wí.

Irin kékeré náà wà lápò Ìránṣẹ́, ibi tó máa ń wà. Ó dúró síbẹ̀ láàárín èrò, ó dè é le. Nígbà tó fẹ́ dá a padà, bàbá kò tíì nawọ́ gbà á.

"Kí ni ọmọ mi máa fi èyí rí?"

"Lẹ́tà ńláńlá, sà. Fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní wúlò fún un mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe é."

Bàbá wò ó bó ṣe wò ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí. Ó gba awò náà.

"Èyí jọ òótọ́," ó wí. "Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni." Ó yíjú sí bẹ́ǹṣì náà. "Ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó fún nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Akọ̀wé ní kó yí ojú sọ́tùn-ún díẹ̀, kí òun lè rí i. Ó yí i. Ó tún ní kó yí i sósì. Ó wò ó bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan sórí.

"Ẹyinjú mi," Ìránṣẹ́ wí. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"O wá sọ ọ́," Akọ̀wé wí, ó sì fa ìwé kan tí wọ́n ká yọ nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dì í. "Tìrẹ ni. Má tú u títí ọkọ̀ yóò fi lọ. O mọ òfin ẹgbẹ́."

Bàbá dì í lápá mú, wọ́n wọkọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo apá ibi tí Ìránṣẹ́ kò sí, Ìránṣẹ́ sì mọ̀ pé òun ló ń wò. Ọkọ̀ náà yí, ó gba ẹnu géètì kọjá.

Ó tú okùn náà. Lẹ́tà rẹ̀ ni, ó tóbi, ó wọ́, ìlà kan ń gun èkejì, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Èyí lè jẹ́ ìwé tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kẹ́yìn. Ní òkè, ó kọ 'Wọlé'. Lẹ́yìn náà, ìpè nìkan ló kù: "…o ti jẹun?" Àyè òfìfo tẹ̀ lé e, níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà. "…òjò ń rọ̀ níbí." Àyè òfìfo. "…mo ti lè kà á." Àyè òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ìpè lẹ́yìn ìpè, ó sì ń tú ìwé náà, ó ń tú u. Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "…èmi náà kò mọ̀."

Ó mọ èsì ìyẹn. Ó sọ ọ́ sókè níbi tó dúró sí, obìnrin kan tó ń kọjá sì wò ó.

Àyè kékeré kan ṣì kù nísàlẹ̀ ìwé náà. Ó wá ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé máa ń kọ síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, fún olorì, fún ọ̀gágun, fún ìránṣẹ́ tó ní ìlà kan péré. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò kọ 'Jáde' síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa jáde lójú ọ̀nà," ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wí fún un. "Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀."

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìwé náà mọ́ àyà. Kò jáde.